Àkọ́bí Tó Ń Ṣe Bí Àbíkẹ́yìn

Àkọ́bí ni mí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi mí ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti fi mí ṣe é, mo ṣe é dójú àmì. Èmi ni mo pọn àbúrò mi títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Èmi ni mò ń lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ bí wọ́n bá nà án jù. Èmi ni mò ń kojú oníbàárà tó bá ní bọ́tìnì òun já. Èmi náà ni màmá wa máa ń wò lójú kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí a bá wọ mọ́tò, iwájú ni mò ń jókòó. Bí mo bá wọ yàrá tí àbúrò mi wà lórí àga tó lápá, á dìde láìjẹ́ pé mo la ẹnu. Ẹ má rò pé mò ń fọ́nnu o. Iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá rò pé ipò ẹ̀gbọ́n dùn, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹnìkan sì wá gbà á lọ́wọ́ mi lóòótọ́.

Alágbàfọ̀ ni màmá wa. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù wa. Tábìlì gígùn tí a ti ń lọ aṣọ wà ní ti iwájú, pẹ̀lú irin tí a ń fi háńgà kọ́ aṣọ sí àti bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó bá fẹ́ dúró gba aṣọ wọn. Ní ti ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbàlá wà, tí okùn ìsáṣọ ti ń lọ láti ògiri dé ògiri. Àgbàlá yẹn ló fún wa lórúkọ. Ẹ̀rọ làwọn alágbàfọ̀ tó kù fi ń gbẹ aṣọ. Oòrùn làwa ń sá a sí, ẹni tó bá sì wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ wa, á kọ́kọ́ gbé e sí imú, á rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó dágbére. Èmi ni mò ń lọ aṣọ. Àbúrò mi ló ń fi alùpùpù gbé e lọ fún àwọn oníbàárà. Kékeré là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ń fún un mọ́ra bó bá ń wọlé. Àwa méjì náà la wà.

Kí n má purọ́, a mọ̀ pé a pé mẹ́ta. Màmá ti sọ fún wa tipẹ́ pé kí òun tó pàdé bàbá wa, nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́, òun ti bí ọmọkùnrin kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, obìnrin kan báyìí tó lẹ́nu bí abẹ, wá ní kí Màmá gbé ọmọ náà fún òun, kí òun bá a tọ́jú rẹ̀ títí tí yóò fi parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Nígbà tí Màmá máa padà lọ gbé ọmọ rẹ̀, obìnrin yẹn ti kó lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó kó lọ. Bí Màmá bá ti sọ ọ́ débẹ̀, á nu ojú rẹ̀, á ní, "Ẹ ní ẹ̀gbọ́n kan láyé o." Àwa á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀gbọ́n tí èèyàn ò rí rí kì í wúwo lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Inú ọ̀rọ̀ lásán ló ń gbé, kò dí mi lọ́wọ́.

Ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lọ́sàn-án gangan, tòun ti báàgì tó kó kílípà àti abẹ sí, nítorí onígbàjámọ̀ ni. Obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ti sọ òótọ́ fún un kó tó kú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá alágbàfọ̀ kan kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, sà. Ṣé fífọ̀ ni àbí lílọ̀ nìkan?" Màmá ló ń wò, Màmá náà sì ń wò ó. Imú kan náà ni. Iwájú orí kan náà ni. Kódà bí wọ́n ṣe na ọrùn láti wo ara wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà nà án. Áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ihò sí ṣẹ́ẹ̀tì olóṣẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo wa la sunkún lọ́jọ́ yẹn, àtèmi náà. Kékeré sunkún débi pé oníbàárà kan tó wá gba kọ́ọ̀tù rẹ̀ ní ká má bínú, òun ò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, òun á padà wá. Ayọ̀ ni, ayọ̀ tó kún àkúnya. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Màmá pe gbogbo wa jọ sí ṣọ́ọ̀bù kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín rèé. Ohun tó bá sọ, èmi ni mo sọ ọ́. Òun láá máa ṣíwájú, ẹ̀yin á máa tẹ̀lé e." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo dìde lórí àga tó lápá.

Ẹ̀gbọ́n ò jókòó síbẹ̀ o. Ó ti ń fọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. "Rárá o, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bẹ́ǹṣì tó mi."

"Àǹtí?" Ohùn Màmá ga sókè. "Ta ni àǹtí ẹ níbí?"

Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kún fún ọmọ, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo wọn. Àkọ́bí inú màmá wa, àbíkẹ́yìn ilé ibòmíràn. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àbúrò, ó sì mọ̀ ọ́n yanjú. Bí wọ́n bá bu oúnjẹ, á dúró kí gbogbo èèyàn mú tiwọn tán, á wá wo èyí tó kù bí ẹni pé ẹ̀bùn ni. Bí Màmá bá ké láti yàrá ẹ̀yìn pé, "Ta ló wà níbẹ̀ un?", kó tó parí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ti dé iwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Kékeré, tí kò ní ìtìjú, ní kó bá òun ra omi ní òdìkejì títì. Ó sáré lọ! Ó tún dá ṣéńjì padà láìsí pé wọ́n bi í. Màmá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ike omi lọ́wọ́, ó gbọ́wọ́ lérí.

"Àkọ́bí mi! Kékeré ló ń rán àkọ́bí mi níṣẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n ló ní kò burú," ni Kékeré wí.

"Kò burú, mà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ àgbà. Á mú un jókòó láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, má tíì dáhùn. Húkọ́ ná. Wo òkè díẹ̀. Kí o wá ní, 'Ẹ jẹ́ kí n rò ó.' Àgbà kì í dáhùn wàrà-wàrà." Ẹ̀gbọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá á ní, "Ìwọ wò ó! O ò húkọ́!"

Ó kúkú gbìyànjú. Obìnrin kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aṣọ mi ti gbẹ?" Ẹ̀gbọ́n húkọ́. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Aṣọ náà wà lórí háńgà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan imú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, oníbàárà mẹ́ta ló ti gbà á nímọ̀ràn oògùn ikọ́.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ọkùnrin náà. Ta ló lè kórìíra rẹ̀? Ó ń gbá ilẹ̀ kí n tó dé. Ó gé irun Kékeré débi pé àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ fúnra wọn. Ohun tó dùn mí ni pé Màmá ò wò mí lójú mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tí mo bá sọ èrò mi, á gba orí mi kọjá, á ní, "Kí ni ẹ̀gbọ́n ẹ wí?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní ohun tí Àǹtí wí náà ni. Màmá á wá bínú sí mi, bí ẹni pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. Ipò kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè bọ́ fún ẹlòmíràn kó sì rìn lọ. Ìgbà tí wọ́n bọ́ tèmi, òtútù mú mi.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí onílé fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa àgbàlá.

Bàbá onílé wa kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó fẹ́ràn ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti ra mọ́tò kún mọ́tò, kò sì rí ibi tí yóò máa gbé wọn sí. Kékeré ti gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà pé ó fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá wa, kó sọ ọ́ di ilé mọ́tò. Bí àgbàlá bá sì lọ, oòrùn lọ nìyẹn. Bí oòrùn bá lọ, kí ló yà wá sọ́tọ̀ sí àwọn tó kù?

Mo ní, "Màmá, ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀ fún mi. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa sọ̀rọ̀."

"Màmá!"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa sọ̀rọ̀. Kí onílé mọ̀ pé ilé mi ti pé."

Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù kọjá ààlà, funfun àti dúdú, ó ń fọwọ́ họ ọ́ bó ṣe ń jókòó. Ó wo Ẹ̀gbọ́n lórí àga tó lápá. "Ta wá lèyí?"

"Àkọ́bí mi ni," ni Màmá wí. Ẹ ò rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń tàn. Ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀ nítorí ojú yẹn.

"Ẹ ṣeun, Ọlọ́run. Ó káre, ọmọ mi. Ojú ẹ jọ ti ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa." Onílé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Wò ó, ọmọ mi, àwọn mọ́tò tèmi bàbá ẹ, etí títì ni wọ́n ń sùn. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Ìwọ náà gbé e yẹ̀ wò, ṣé ó dáa?"

Ẹ̀gbọ́n húkọ́. Ó gbójú sókè. Mo ní bóyá ó máa ṣe é.

"Kò dáa, sà."

"Ṣé ó yẹ kí àgbàlagbà máa wá ibi gbé mọ́tò sí nígbà tó nílé?"

"Kò yẹ, sà."

"Ká kúkú da sìmẹ́ńtì sí àgbàlá yìí, kí mọ́tò máa wọlé, kẹ́yin máa sá aṣọ yín sínú yàrá ẹ̀yìn. Àbí kí lo rí sí i?"

Mo tẹ ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, mo fẹsẹ̀ dí yín lọ́nà." Ó wá kọjú sí onílé. "Bó ṣe tọ́ lójú yín náà ni, sà."

Onílé dìde, ó gbá a léjìká. "Ọmọ gidi! Ọjọ́ Ajé làwọn bíríkìlà á dé."

Ó ku àwa mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó dákẹ́. Èmi ò dákẹ́. Gbogbo ohun tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ tó ti dé ló tú jáde.

"Ẹ̀gbọ́n! Irú ẹ̀gbọ́n wo lèyí? Kí ẹ tó dé, a ní àgbàlá! Mo fi ẹnu mi yìí gba àgbàlá yẹn lọ́wọ́ bàbá yẹn lọ́dọọdún, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti gbé e fún un! Bí ẹ ò bá lè ṣe ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán yín níṣẹ́!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Mo rí i bó ṣe balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí," ó gbé báàgì rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú ilé.

Kékeré, tí kì í dá mi lẹ́jọ́ láéláé, ní, "Ẹ ti ṣe é jù." Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ wá a. Nígbà tó yá, ó pè mí lórí fóònù pé yàrá tí Ẹ̀gbọ́n háyà wà ní títì, kò sì gbé fóònù rẹ̀.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ká ìbọ̀sẹ̀ oníbọ̀sẹ̀ ní méjì-méjì. Mo ń retí kó nà mí. Kò nà mí, kò bú mi.

"Bí mo ṣe dá obìnrin yẹn lóhùn náà nìyẹn," ló wí. "Ó ní kí n gbé ọmọ fún òun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n má sunkún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó jù mí lọ, n kò mọ̀ pé èèyàn lè sọ pé rárá fún ẹni tó jù ú lọ. Ara mi ni ọmọ yẹn ti mú un. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀."

Mo jókòó tì í, mo bá a mú ìbọ̀sẹ̀ kan.

"Ìgbà tí mo wá bí ìwọ, mo ní èyí á mọ rárá. Kí o tó mọ 'màmá' lo ti mọ 'rárá'. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé ọ, wàá fúnra ẹ dá a lóhùn." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìbọ̀sẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fẹ́ rárá mi mọ́, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò wò mí lójú mọ́?"

Ó wò mí nígbà náà. "Ta ló ní mi ò fẹ́ ẹ? Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá le, ìwọ ni mò ń wò. Láti kékeré ẹ. Ọmọ mi, mo di ẹrù rù ọ́ jù. Ìgbà tí ẹlẹ́rù dé, mo ní kó wá gbé e kúrò lórí ẹ."

Ó mà dùn mí o, ó sì tún dùn mọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé wọ́n ń gba adé lórí mi, ẹrù ni ìyá mi ń gbìyànjú láti sọ̀ fún mi. Mo sì ti lé ẹni tó máa bá mi gbé e. Ìyá tó ti pàdánù ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo tún jẹ́ kó pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Orí mi gbóná. Bí ọkùnrin yẹn ò bá padà wá, kí ni mo máa wí fún Màmá ní gbogbo ọjọ́ tó kù fún wa láyé?

N kò sùn dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni mo ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń lọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí inú mi ò bá dùn, aṣọ ni mò ń lọ̀. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo lọ aṣọ ibùsùn, mo lọ aṣọ ìnujú, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í lọ̀. Màmá dé, Kékeré dé, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Oòrùn ti wọ àgbàlá dáadáa kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ẹ̀gbọ́n ni. Irun funfun wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lápá iwájú. Màmá dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ọ̀dọ̀ onílé ni mo ti ń bọ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún àgbàlagbà. Mo wá ní kí n lọ ṣe èyí tí mo mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?" ni Kékeré bi í.

"Ẹ̀bẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Àná, wọ́n ní ó ti jáde. Ni mo bá pa fóònù, kí n má bàa gbọ́ ohùn yín kí n tó rí nǹkan mú wálé. Láàárọ̀ yìí mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, 'Bàbá, wọ́n lé mi nílé.' Ó ní ta ló lé mi. Mo ní ọmọ ìyá mi obìnrin ni. Ó ní, 'Èyí tó ń lọ aṣọ un?' Mo ní òun ni, sà. Ó ní, 'Kí lòun wí sí ọ̀rọ̀ àgbàlá?' Mo ní òun ò gbà, sà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ irùngbọ̀n. Mo ní, 'Bàbá, irùngbọ̀n yìí ti pọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e bí ẹ bá ṣe ń rò ó.'"

Kékeré ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ibi tí mo ti ń gé e, mo ní, 'Ọ̀rọ̀ yín tọ́ pátápátá, sà. Àmọ́ ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mo gbà fún yín, èmi ni ilé ò gbà mọ́. Bí àgbàlá bá sì lọ, obìnrin yẹn lè wá sá aṣọ sí pálọ̀ yín níbí.' Bàbá rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti gbé abẹ kúrò. Ó ní, 'Èyí un? Ó lè ṣe é. Ó ti ṣe é rí.'"

Lóòótọ́, mo ti sá aṣọ ibùsùn sí ojúde bàbá yẹn rí nígbà tó kó pákó kún àgbàlá wa, ṣùgbọ́n a ò ní fi ìyẹn gùn lónìí.

"Kí ló wá wí?" ni Màmá bi í.

"Ó ní kò sí sìmẹ́ńtì mọ́. Bí a bá ti ká aṣọ wọlé nírọ̀lẹ́, òun á gbé mọ́tò kan síbẹ̀. Á gbé e jáde kí a tó sá aṣọ láàárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó wò mí, ẹ̀rù bà á díẹ̀. "Àbí kò yẹ kí n gbà?"

Màmá ti dì mọ́ ọn. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè!" Kékeré ní èwo ni ọmọdé, èwo ni àgbàlagbà nínú wọn. A wo ara wa.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, "ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò dáa. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ò ní padà wá."

Ó ń wo ojú mi, ó ń wo òkìtì aṣọ tó wà lórí tábìlì, ó ń wo aṣọ ìnujú tí mo lọ̀ tó nà gbọnrangandan.

"Ìgbà wo lo ti dúró síbí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Aṣọ ló pọ̀."

"Jókòó."

"Ó ku ìwọ̀nba..."

"Mo ní jókòó." Kò pariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò níwájú mi, bẹ́ẹ̀ ni mo bá ara mi lórí bẹ́ǹṣì, èmi tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n jókòó. Màmá gbọ́wọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àbúrò," ló wí fún mi. "Mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, jẹ́ kí n kọ́ ọ. Àbúrò máa ń béèrè nǹkan, ojú kì í tì í. Kí lo fẹ́?"

Mo rò ó. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, n kò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n ti ń bi mí pé kí ni ká ṣe, ibo ni ká gbà, kí ni ká wí. N kò rántí ẹni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi jọ ti ọmọdé.

"Mo fẹ́ sùn."

"Ó dáa. Sùn."

Ó fi aṣọ ibùsùn tó ṣì gbóná ṣe ìrọ̀rí fún mi, ó fi òmíràn bò mí mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, lójúmọmọ. Mo rí i tó ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì láti àárín, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe láé. Mo fẹ́ dìde kí n sọ fún un. Mo di ojú mi.

N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó. Ohùn oníbàárà kan ló jí mi, obìnrin tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lójú agbami. Ó ní òun wá gba aṣọ ọkọ òun, ó ní kí ló dé, ta ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n wí. "Àbúrò mi ń sùn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lajú wo ẹni tó ń jẹ́ àbúrò rẹ̀. Èmi ni. Látìgbà tí mo ti dáyé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́-wúyẹ́ nítorí èmi, ó sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn jáde. Mo yí ojú mi sínú aṣọ ibùsùn kí wọ́n má bàa rí i pé ó ti tutù.

Oorun ti dá lójú mi pátápátá, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹlòmíràn tó ń gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bọ̀, mo sì fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n tún un sọ, nítorí náà n kò dìde.